Ìwé ẹ̀bẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ bá wa gbin pẹ̀rẹ̀gún sí ààlà ẹgba

Sí Ọlọ́lá jùlọ, Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti gbogbo ọmọ Ilé, Òkè-Mosàn, Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Àwa tí orúkọ àti ìtẹ̀ka wa wà lára ìwé tí a so mọ́ èyí, ará Ìjẹ̀bú-Òde ni wá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń tajà ní ọjà Òkè-Ajé: a ń ta gààrí, elùbọ́, aṣọ àti ata. Àwọn kan ń ránṣọ, àwọn kan ń dirun, wọ́n sì ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀. Àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà wà láàárín wa tí ọmọ wọn ń gbé Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀n, tí wọ́n ń bá wọn tọ́ ọmọ. A ń san owó ọjà déédéé, a ń tú jáde dìbò, bí ọdún Ojúde Ọba bá sì dé, àwa là ń se oúnjẹ tí àlejò ń jẹ. A kò kọ irú ìwé yìí rí. A kò sì kọ ọ́ láti bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀yin ni ẹ ń ṣòfin, ohun tó ń dùn wá sì wà nínú òfin, ìdí nìyí tí a fi kó o wá síwájú yín.

Ọ̀rọ̀ ẹgba ni. A fẹ́ mọ ibi tí òfin ní kí ọwọ́ òbí dúró sí lára ọmọ. A ń bẹ̀ yín kí ẹ sọ ọ́ fún wa ní èdè tí a gbọ́, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan náà fún olówó àti fún aláìní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú wa rí.

Opó kan wà nínú wa tó ń ta elùbọ́. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọkùnrin rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ó ṣàkíyèsí pé owó ọjà ń dín nínú àpò tó ń so mọ́ abẹ́ ìró. Ó ṣọ́ ọ títí ó fi ká ọmọ náà mọ́ ọn. Ó já àtòrì, ó fún un ní mẹ́ta ní ìdí, ó gbé e jókòó, ó sì bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnì kan nínú ilé náà, tí òun àti opó yìí ti ń yodì lórí omi kànga, gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ pe ọlọ́pàá. Wọ́n mú un lọ, ó sì sun àtìmọ́lé. Ọmọ tí wọ́n ní àwọn wá gbà sílẹ̀ ìbá sùn lébi lálẹ́ ọjọ́ náà bí kì í bá ṣe pé ọ̀kan nínú wa mú un lọ sílé. Lára ògiri ibi tí a ti lọ gba ìyá rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé béèlì ọ̀fẹ́ ni. Abẹ́ ògiri náà ni a ti ka náírà 35,000, owó àjọ tí kò tíì kan opó náà láti kó. Títí di òní, kò sí ẹni tó sọ òfin tó rú fún un. A kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí kì í ṣe tìtorí owó la ṣe kọ̀wé.

Ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, ní àdúgbò kan náà, ọmọbìnrin ọdún 9 kan ń gbé ilé kan. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, wọ́n mú un wá láti abúlé, wọ́n ní àwọn yóò fi í sí ilé ìwé. Omi inú ọ̀rá ló ń kiri. Lọ́jọ́ kan, owó rẹ̀ dín ní 400 náírà. Wáyà iná ni wọ́n fi nà án, wáyà tí wọ́n ká po ní ìlọ́po méjì. A gbọ́ igbe rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun alẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Ní òwúrọ̀, ọ̀kan nínú wa fi ọgbọ́n pè é wọlé pé kó wá gba ẹ̀kọ, ó sì rí ẹ̀yìn rẹ̀. A kò ní ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Àwa mẹ́rin lọ fi sùn. Wọ́n dá wa lóhùn pé, "Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, ẹ lọ parí ẹ̀ nílé." Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé ọmọ náà kúrò ní ìlú. A kò rí i mọ́.

Ẹ̀yin àgbà, àtòrì mẹ́ta di àtìmọ́lé, wáyà iná di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ohun tó gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín nìyí.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé bí a bá ka ọmọ mẹ́wàá ní Nàìjíríà, nǹkan bí mẹ́fà nínú wọn ló ń rí ìwà ipá kan tàbí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún 18. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Àwọn ará wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n kò tíì gbàgbé Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast tí ìbátan òbí rẹ̀ mú lọ sí òkè òkun pé òun yóò fún un ní ẹ̀kọ́. Ọlọ́pàá mọ̀ nípa rẹ̀, ilé ìwòsàn gbà á wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà rí i. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ó kú ní ọmọ ọdún 8. Ojú ọgbẹ́ àti àpá 128 ni wọ́n kà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ olùṣèwádìí kalẹ̀, tí wọ́n sì tún òfin ṣe ní 2004. A ń bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí tiwa dé orí posí kí a tó jí.

Èmi tí mo mú gègé kọ ìwé yìí fún wọn, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni mí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ opó náà ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wá òfin rí, kí n kà á fún àwọn. Mo kà á lábẹ́ àtíbàbà níwájú ìsọ̀ elélùbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan. Abala 295 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn lọ́yà ń pè ní Criminal Code ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ó gba bàbá, ìyá tàbí alágbàtọ́ láyè láti lu ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 nítorí àtúnṣe ìwà. Ó gba ọ̀gá láyè lórí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lílù náà kò gbọdọ̀ dé ojú ọgbẹ́ tàbí ìpalára ńlá. Ó gbọdọ̀ mọ níwọ̀n, kí a wo ọjọ́ orí ọmọ náà, kí a wo ara rẹ̀, kí a wo làákàyè rẹ̀. Ọmọ tó kéré débi pé kò lè mọ ìdí tí a fi ń nà án, òfin kò gbà kí a nà án rárá.

Ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Ìyá onídìrí kan, tó ti kọ́ ọmọ tó ju ogún lọ níṣẹ́, béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Látìgbà wo lèyí ti wà?" Mo ní kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i. Ní 1916 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì na òfin náà dé gbogbo Nàìjíríà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń lò ó ní Òkè Ọya láti 1904. Ìwé tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà, tí ó di òfin níbẹ̀ ní 1899, ni wọ́n fi ṣe àwòkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ará Ọsirélíà ló wọn ẹgba fún ọmọ Ìta-Òṣùgbó ní ìlú wa níbí, tí kò sì sẹ́ni tó wá sọ ọ́ fún Ìta-Òṣùgbó láti ìgbà náà.

Mo tún ṣí èkejì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Abuja ṣe ní 2003, tí Ilé yín ọlọ́lá sọ di ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2006, èyí tí a dúpẹ́ rẹ̀ púpọ̀. Ọmọdé ni ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 lójú òfin yẹn. Abala 11 nínú ti Abuja ní kí a má ṣe ọmọ léṣe ní ara tàbí ní ọkàn, kí a má dá a lóró, kí a má fi ìyà tẹ́ ẹ lógo. Abala 20 nínú òfin kan náà ní ojúṣe òbí ni láti tọ́ ọmọ sọ́nà àti láti bá a wí, abala 19 sì ní kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà nígbà gbogbo. Abala 221 ní adájọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ dá ẹgba fún ọmọdé. Nígbà tí mo kà á tán, bàbá aránṣọ kan ní, "Olùkọ́, adájọ́ kò gbọdọ̀ nà án, èmi lè nà án. Adájọ́ ní láti dé ọ̀dọ̀ mi wá kọ́ṣẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí ó ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ọdún 17 kan lọ́dọ̀, ó sì béèrè bóyá òun lè fún un ní ìgbájú. Òfin kan pe ọmọ yẹn ní ọmọdé, èkejì ti yọ ọ́ kúrò lábẹ́ ẹgba láti ìgbà tó ti pé ọdún 16. Mo ní kí ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kan níwájú yín, nítorí a kì í fi ọwọ́ tó kún fún èérí kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ láìsọ ọ́. Mo kọ́ ọmọ fún ọdún 33, mo sì na ọmọ. Pàṣán mi ní orúkọ. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Adájọ́. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì kẹrin mi tí kì í kọ ohun tó wà lójú pátákó. Ó máa ń wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní olè ìwé. Mo nà án fún odidi táàmù méjì. Nọ́ọ̀sì tó wá yẹ ojú àwọn ọmọ wò ló sọ fún mi pé ọmọ náà kò ríran dé ibi tí pátákó wà. Bàbá ọmọ ni òun náà báyìí. Ní Ojúde Ọba kan, ó rí mi láàárín èrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú agbádá tuntun, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yọ awò ojú rẹ̀ kí ó má baà já bọ́. Awò náà nípọn bí ìdí ìgò. A kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí, èmi àti òun.

Nígbà tí mò ń nà án yẹn, àṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Bàbá rẹ̀ ló mú un wá sí ilé ìwé pé, "Olùkọ́, mo ti fà á lé yín lọ́wọ́, ẹ bá mi nà án." Gbogbo ẹni tó bá ṣe olùkọ́ rí ní ilẹ̀ yìí mọ gbólóhùn náà. Àwọn ìyá àgbà wa ń gbọ́ ọ báyìí lórí fóònù láti Lọ́ńdọ̀n. Abala 295 gbà pé òbí lè fi àṣẹ rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ohun tí a kò sì mọ̀ ni pé àṣẹ náà ní ibi tó ń dópin sí. Ní 1860, ní Eastbourne ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Thomas Hopley kọ lẹ́tà sí bàbá ọmọ ọdún 15 kan, ó tọrọ àyè láti na ọmọ náà. Bàbá fọwọ́ sí i. Hopley nà án lóru títí ó fi kú. Adájọ́ Àgbà Cockburn ní òbí tàbí ẹni tí òbí fi ọmọ lé lọ́wọ́ lè jẹ ọmọ níyà, ṣùgbọ́n ìyà tó bá kọjá ìwọ̀n, òfin kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì rán Hopley lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ìyá àgbà tó ń gba fóònù ní Ìmọ̀wó ní ìlú wa kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Òun ni ọwọ́ òfin yóò sì bà, kì í ṣe ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀n. (Ọ̀kan nínú wọn kàn gbé ohùn sókè sí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n rán wálé láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀n, ọmọ náà ní òun yóò pe ọlọ́pàá ní 999. Ìyá àgbà ní, "Àwọn mélòó ni wọ́n, ṣé kí n se tiwọn mọ́ ọn?")

A kò ní purọ́ fún yín pé ohùn wa ṣọ̀kan lórí ohun gbogbo. A jiyàn títí ọ̀sán náà fi lọ. Apá kan nínú wa ní kí ẹ fi òpin sí ẹgba pátápátá. Wọ́n ní ẹ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìbáwí: wíwí ló wà nínú rẹ̀, kò sí nínà níbẹ̀. Wọ́n ní Tógò ti fòfin de ẹgba láti 2007, orílẹ̀-èdè Bìnì sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2015, bẹ́ẹ̀ àwọn ìbátan wa tó ń gbé Kétu àti Ṣakété ṣì ń bímọ, wọ́n ṣì ń tọ́ ọmọ, ọmọ wọn sì ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Scotland ṣe é ní 2020, Wales ní 2022. Apá kejì fèsì pé England tó kó òfin wá fún wa ṣì fi àyè ìbáwí tó mọ níwọ̀n sílẹ̀ fún òbí, àti pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èmi wà ní apá kìíní, nítorí ọmọ awò ojú yẹn. Ṣùgbọ́n a kò kọ̀wé kí ẹ wá dá ẹjọ́ láàárín wa. Apá méjèèjì ló gbà pé kò yẹ kí a fi òfin tí ẹnikẹ́ni kò sọ fúnni mú ènìyàn, kò sì yẹ kí ọmọ kú sábẹ́ òfin tó ti wà láti gbà á.

Kì í ṣe Ìjẹ̀bú ni a ó kọ́ ní ọ̀rọ̀ ààlà. Àwọn baba ńlá wa gbẹ́ Erédò yí ilẹ̀ yìí ká, yàrà tó gùn tó kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ jìn ju òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Ẹni tó bá dé etí rẹ̀ kò nílò lọ́yà kó tó mọ̀ pé òun ti dé òpin. Lórí ilẹ̀ oko, pẹ̀rẹ̀gún là ń gbìn, ọmọdé sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà wa, irú rẹ̀ la ń tọrọ. Kí ẹ dárúkọ àwọn ohun tí ọwọ́ òbí kò gbọdọ̀ dé: wáyà, irin, iná, ata lójú tàbí lábẹ́, abẹ ìfárí, orí ọmọ, dídè mọ́lẹ̀, fífi ebi pa. Kí ẹ sọ iye ọdún tó jẹ́ òpin, kí òfin méjèèjì fi ohùn kan sọ ọ́. Kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá lórí ewé ìwé kan ṣoṣo, kí wọ́n kà á ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí rédíò àti ní ọjà ní ọjọ́ ọjà. Tí owó títẹ̀ bá jẹ́ ìṣòro, a ó dá a láàárín ara wa.

A mọ̀ pé ọlọ́pàá kì í ṣe ti Ìpínlẹ̀. Àwọn wẹ́fíà ti yín ni. A ń bẹ̀ yín kí ẹ pa á láṣẹ pé kí wẹ́fíà kọ́kọ́ wo ọmọ, kí ó wo ilé, kí a tó ti ìyá mọ́lé nítorí àtòrì. Bó bá sì jẹ́ wáyà ni, kí ó gbé ọmọ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin tí ẹ ṣe ti dá Kóòtù Ẹbí sílẹ̀, tí orúkọ ọmọ kì í jáde níbẹ̀. Ẹ bá wa kọ ibi tó ń jókòó sí àti ọjọ́ tó ń jókòó sára ògiri ọjà Òkè-Ajé, ní lẹ́tà tó tóbi bí ti "béèlì ọ̀fẹ́ ni". Kí ẹ sì dáàbò bo ẹni tó bá lọ fi sùn, nítorí ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin tó lọ lọ́jọ́ yẹn ti pàdánù ìsọ̀ rẹ̀. Ìbátan àwọn tó na ọmọ náà ló ni ilé ìsọ̀.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan, òun ló sì tóbi jù lójú wa. Ọmọbìnrin tó ń kiri omi nì yóò ti pé ọdún 10 tàbí 11 báyìí. Òun nìkan ni kò lè tẹ̀ka sí ìwé yìí. A ti kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ, àwọ̀ ọkọ̀ náà, àti orúkọ tó ń jẹ́ sínú àpò ìwé kan tí a lẹ̀ pa, a sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí fún ojú yín nìkan. Ẹ dákun, ẹ dábọ̀, ẹ bá wa wá a.

Àwa ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá, àwọn òbí àti àgbà ọjà Òkè-Ajé, Ìjẹ̀bú-Òde.